Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Ọmọ tí ó Fẹ́ Fèsì



Nígbà tí ìjọba amúnisìn mú rédíò tí a fi wáyà fà wọ inú ilé dé Èkó ní ọdún 1935, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1939, àwọn baba wa sọ àpótí náà ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá a mu. Ó ń sọ tirẹ̀, àwa ń gbọ́. Bí a tilẹ̀ pariwo sí i di alẹ́, kò lè gbọ́ ohun tí a wí.

Ní òde òní, ọmọ ilé-ìwé lè fèsì. Ní ọdún 2012 ni a kọ́kọ́ ta kọ̀ǹpútà kékeré tí ń jẹ́ Raspberry Pi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti fi kọ́ àwọn ọmọdé. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju káàdì báǹkì lọ. Ní ọdún kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé wáyà kan ṣoṣo tí a so mọ́ ọn lè sọ ọ́ di ẹ̀rọ tí ń fi ohùn ránṣẹ́ sí rédíò FM tí ó wà nítòsí.

Ẹni tí ó mọ gángan kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Bí onílù bá fún ọṣán, ohùn a lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a wálẹ̀. Aago kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tí a lè mú kí ó máa lù ní nǹkan bí ìgbà 100 mílíọ̀nù láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀rọ̀ wa ni ó ń mú kí lílù náà yá díẹ̀ tàbí kí ó fà díẹ̀, rédíò a sì tú u padà sí ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ níbẹ̀. Aago náà kì í lù sí ipò kan ṣoṣo: bí ó bá wà ní 100, ìró rẹ̀ a ta dé 300 àti 500, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń sọ̀rọ̀. Ipò tí àwọn awakọ̀ òfuurufú ń lò kò sì jìnnà sókè FM. Láti ọdún 1992 tí a ti dá àjọ NBC sílẹ̀, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbóhùn sáfẹ́fẹ́ láìní ìwé-àṣẹ.

Àwọn àgbà kan yóò wí pé kí a gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ọmọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan yóò wí pé afẹ́fẹ́ kò ní olówó. Èmi kò fara mọ́ èyíkéyìí. Ẹni tí ó gba ẹ̀rọ náà ń pa onímọ̀ ọ̀la. Ẹni tí ó wí pé afẹ́fẹ́ kò ní olówó ń dí ẹnu aládùúgbò rẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ àwa olùkọ́ ni kí a fún ọmọ náà ní tábìlì ní ilé-ìwé, kí ó fi wáyà bíbò so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ rédíò ní tààrà, kí ìró rẹ̀ má baà bọ́ sí ìta. Iṣẹ́ ẹ̀yin ìjòyè àti ẹgbẹ́ wa ni kí a béèrè ìwé-àṣẹ rédíò àwùjọ, nítorí ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí irú rẹ̀ 17 ní ọdún 2015. Nígbà náà ni iye owó iṣu lọ́jà, ìkéde ààfin àti ẹ̀kọ́ ìlera yóò máa jáde ní ohùn Èjìgbò gan-an, tí ọmọ tí a kọ́ yóò sì rí ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́.

Bí a kò bá ṣe é, ọmọ náà yóò ṣe é ní ìkọ̀kọ̀, àwa ni a ó sì lọ gba ìdúró rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá.