Wọ́n pa dókítà lẹ́nu mọ́, àrùn kò dákẹ́

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Li Wenliang, dókítà ojú ní ìlú Wuhan, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2019, ó kọ̀wé lórí WeChat sí àwọn dókítà tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ pé èèyàn 7 ti kó àrùn SARS nínú ọjà ìlú náà, kí wọ́n kìlọ̀ fún ẹbí wọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kíní ọdún 2020, ọlọ́pàá pè é, wọ́n ní irọ́ ló ń pa, wọ́n sì mú un fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ogúnjọ́ lẹ́yìn náà, ìjọba ti ìlú Wuhan pa. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì, kòrónà pa dókítà náà fúnra rẹ̀, lẹ́ni ọdún 33. Lóṣù Kẹta, ọlọ́pàá fagi lé ìwé náà, wọ́n bẹ ẹbí rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kì í jí òkú.

Síbẹ̀, nígbà tí ọdún 2020 ń parí lọ, wọ́n rán Zhang Zhan, obìnrin tó ya fídíò ohun tó rí ní Wuhan, lẹ́wọ̀n ọdún 4.

Òótọ́ ni pé irọ́ máa ń pọ̀ lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn. Ṣùgbọ́n kí aláṣẹ tó pe èèyàn ní òpùrọ́, kó kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Bí ẹnì kan bá kígbe iná lóru, òrùlé là ń kọ́kọ́ wò, a kì í bi í pé ta ló rán an.