Ẹ rajà fún ọjọ́ tí mọ́tò bá bàjẹ́

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló ní òun fẹ́ẹ́ kó ìyàwó àtàwọn ọmọ lọ sí New Bussa, àbúrò ìyàwó rẹ̀ fẹ́ẹ́ gbéyàwó níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì tiẹ̀ lòun fẹ́ẹ́ wà lọ, láti Ìbàdàn gba Ìsẹ́yìn, Ṣakí, Ìgbòho àti Kíṣí, kó tó wá já sí Kaíámà ní ìpínlẹ̀ Kwara. Mo bi í pé kí ló ti rà sílẹ̀. Ó ní búrẹ́dì mẹ́rin, bisikíìtì páálí kan àti kóòkì oníke méjìlá, pé èyí tó bá kù, àwọn máa rà á lọ́nà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Èmi náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí, ojú mi sì rí i.

Ní 1996 ni, nínú ọ̀gbẹlẹ̀ oṣù February. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan wọ lọ́rì ní Ṣakí, New Bussa yìí náà là ń lọ. Àwa mẹ́sàn-án la wà lórí ẹrù. Màmá àgbàlagbà kan wà láàárín wa tó di àpò ńlá kan, ó fi okùn dì í, ó so ìkòkò mọ́ ọn lára, ó tún gbé kẹ́ẹ̀gì omi tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀kan nínú wa ní, “Màmá, ṣé ẹ ń kó kúrò nílé ni?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́ fún yín, èmi gan-an ni mo sọ ọ́.

A kọjá Kíṣí tán, kò pẹ́ ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ìkòkò ẹ̀kọ. Ọmọ ọkọ̀ bẹ́ sílẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi wa, ó dà á sínú rédíétọ̀ láti òkè délẹ̀. Omi tí gbogbo wa fẹ́ẹ́ mu ni o! Ká tó pariwo, ó ti tán, ẹ́ńjìnnì náà kò sì gbọ́. Wọ́n ní gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó. Dẹ́rẹ́bà dá ọ̀kadà kan dúró, ó padà lọ wá gásíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kẹta ló tó dé. Ọ̀nà Kíṣí sí Kaíámà yẹn, igbó ni, ẹ lè rìn títí kẹ́ ẹ má rí abúlé. Kẹ́ẹ̀gì tó kù sílẹ̀ kò ju ti màmá yẹn lọ, torí pé orí ẹ̀ ló jókòó sí.

Ohun tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Èèyàn kì í ra oúnjẹ ìrìn-àjò fún ọjọ́ tí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé. Ọjọ́ tí mọ́tò bá bàjẹ́ lẹ ó rajà fún. Ẹ ka iye ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ lò lọ́nà, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ méjì lé e, kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà.

Ó ní ẹrù á pọ̀, epo sì ti wọ́n. Òótọ́ ni. Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, gbogbo wa la ń ṣírò ká tó tẹná mọ́tò. Ṣùgbọ́n kóòkì méjìlá ńkọ́, ṣé afẹ́fẹ́ ni? Ẹrù tó wúwo jù nínú mọ́tò ni ohun olómi, bó bá sì di dandan ká gbé ohun olómi, omi gan-an ni ká gbé. Oúnjẹ ní tirẹ̀, kó gbẹ ni.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kó má ra oúnjẹ kankan n'Íbàdàn, kó dé Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí ná. Òkè-Ògùn ni wọ́n ti ń gbé púpọ̀ nínú iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gúsí tá à ń jẹ n'Íbàdàn wá. Èlò ọbẹ̀ tó bá gbẹ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lọ wò ó: orúnlá, ata gbígbẹ, ẹ̀gúsí, ẹ̀pà, ẹran gbígbẹ. Orúnlá ìkúnwọ́ kan á fa ọbẹ̀ fún èèyàn mẹ́rin, kò sì wúwo ju ìyẹ́ adìẹ lọ. Irú wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ fi iyọ̀ sí i, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn. Ẹni tó bá gbé irú pẹ̀tẹ̀ sínú mọ́tò tó ti fèrèsé nínú oòrùn, àwọn ọmọ rẹ̀ ló máa bi í léèrè.

Èlùbọ́ ni ọ̀gá gbogbo wọn. Bẹ́ ẹ bá lè rí gbodo tó dáa, ẹ mú un lọ́wọ́, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ. Èyí tó gbẹ dénú á dún pàù. Èyí tó bá tẹ̀, tí kò kán, omi ṣì wà nínú ẹ̀, á bu lọ́nà. Ẹ ní kí wọ́n lọ̀ ọ́ lójú yín, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó dì í sínú nọ́ọ́rà, torí pé èlùbọ́ tẹ́ ẹ bá dì ní gbígbóná, omi á sẹ̀ sí i nínú. Ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀ náà. Imú kì í parọ́ fún èlùbọ́.

Wàrà ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí, torí kò sẹ́ni tó gba Ṣakí kọjá tí kò ní í ra wàrà lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní. Ẹ rà á o, àmọ́ ẹ má gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi omi oníyọ̀ bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ wá fi òróró ẹ̀pà dín in títí á fi gan. Bẹ́ẹ̀ á dúró fún ọjọ́ bíi méjì. Ọjọ́ kìíní àti ìkejì ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ tán, kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí ẹran gbígbẹ.

Ti ẹ̀wà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àwọn kan nínú àwọn tó ń kó ẹ̀wà pamọ́ máa ń da oògùn ẹ̀fọn sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ní 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de igò kékeré Sniper, nítorí ìlòkulò tí wọ́n ń lò ó. Ẹ wo ẹ̀wà dáadáa. Èyí tí kòkòrò lu ihò díẹ̀ sí lára sàn fún mi ju èyí tó ń dán, tí kò sí eèrà kan lára ẹ̀, tó sì ń rùn bíi yàrá tí wọ́n fín. Èyí tí kòkòrò sá fún, kí lẹ fẹ́ẹ́ fi ṣe?

Kẹrosíìnì àti gàrí kì í sùn sójú kan. Gàrí á fa òórùn ẹ̀ mu, kò sì sí ṣúgà tó lè bò ó. Ẹ di ìṣáná sínú nọ́ọ́rà. Ẹ fi òrí sí i, ọyẹ́ apá òkè yẹn máa ń la ètè. Ẹ mú iyọ̀ àti ṣúgà dání nítorí àwọn ọmọ: bí inú bá ń ṣu wọ́n, ṣúgà ṣíbí tíì 6, iyọ̀ ìlàjì ṣíbí tíì, nínú omi mímọ́ lítà 1, kẹ́ ẹ máa fún wọn mu díẹ̀díẹ̀. Kí ṣíbí náà má kún ju etí lọ, iyọ̀ àpọ̀jù léwu.

Ká yẹ ọjà wò ká tó gbéra, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lójú ọ̀nà yẹn. Ní 1830, àwọn òyìnbó ọmọ ìyá méjì kan, Richard Lander àti John Lander, gba Kíṣí kọjá lọ sí Kaíámà àti Bùsà. Bùsà àtijọ́ ni o, èyí tí omi ìdídò Kainji ti bò mọ́lẹ̀ láti 1968. Wọ́n ń wá ibi tí odò Ọya ń ṣàn lọ. Abẹ́rẹ́ wà lára ohun tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ wọn láti máa fi ra oúnjẹ. Ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ni pé ojúlówó ni, pé ojú ẹ̀ kì í gé òwú. Wọ́n ti rìn jìnnà kí àwọn tó gbà á tó gbé e padà wá bá wọn, pé abẹ́rẹ́ yìí kò lójú rárá! Wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Wọ́n dà á nù ni.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: ọ̀nà 1996 kọ́ ni ọ̀nà ìsinsìnyí. Ní August 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọwọ́ ti tẹ olórí àwọn agbébọn kan tí wọ́n ń pè ní Mahmuda, tí wọ́n fi igbó Kainji ṣe ibùba. Pé wọ́n mú olórí kò ní kí gbogbo igbó dá. Ẹ bi àwọn awakọ̀ ní gáréèjì Kíṣí kẹ́ ẹ tó kọjá. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má lọ, ẹ padà, kẹ́ ẹ gba Ìlọrin, Jẹ́bà àti Mókwà. Ó jìn, ẹ jẹ́ kó jìn. Ẹ má rìn lóru. Ẹni tí oúnjẹ àti omi wà nínú mọ́tò rẹ̀ kò ní í máa dúró káàkiri wá ohun tó máa jẹ, níbi tí kò yẹ kó dúró.

Ẹ ò tíì bi mí pé ibo ni màmá wa ń kó àpò lọ. Alẹ́ ọjọ́ kìíní ló tú u, ó da ìkòkò kaná, ó ro àmàlà, ó se orúnlá, ó pín in fún àwa mẹ́sàn-án àti ọmọ ọkọ̀. Èmi ló kọ́kọ́ bù fún. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Omi inú kẹ́ẹ̀gì, ife kọ̀ọ̀kan ló ń wọ̀n fún wa. Ìgbà tá a dé New Bussa, tí mo bá a gbé àpò sọ̀, ó ti fúyẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bímọ. Oúnjẹ ìyá ọlọ́mọ ni gbogbo wa jókòó sínú igbó, tá a jẹ tán.

A dá owó jọ, èmi ni mo gbà á kiri. Màmá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Èyí á ra èlùbọ́. Irú ńkọ́? Ẹ bá mi rí irú Ṣakí rà níhìn-ín?”

Nígbà tí mo padà dé Ṣakí, mo di irú sínú ìgò, mo bu iyọ̀ sí i lórí, mo gbé e fún dẹ́rẹ́bà yẹn pé kó bá mi fún un. Kẹ́ẹ̀gì méjì ni mo rí lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti fi ọ̀dà pupa kun ọ̀kan.