Òkè Scotland Kì Í Ṣe Ohun À Ń Fojú Di

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ mú lọ sí òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá òkè ní Scotland, ẹ gbọ́ o. Ibẹ̀ dáa fún ìgbafẹ́: ẹ lè rìn létí odò, kí ẹ wo àgbọ̀nrín. Ṣùgbọ́n òkè ibẹ̀ ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ben Nevis, nítòsí Fort William, ga tó mítà 1,345. Òun ló ga jù ní gbogbo Britain. Oòrùn lè máa ràn nísàlẹ̀ kí yìnyín ṣì wà lókè.

Ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, ẹ mú aṣọ òjò, fìlà àti oúnjẹ dání. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ ó dé fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Ní Disẹ́mbà, ilẹ̀ ti máa ń ṣú ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Bí ẹnìkan bá ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, òtútù ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, ẹ wọ gbígbẹ fún un. Ẹ má fún un lọ́tí o. Ẹ pe 999, ẹ ní ọlọ́pàá lẹ fẹ́, kí ẹ sọ pé orí òkè lẹ wà.

Bí ojú ọjọ́ bá yí, ẹ yáa padà. Òkè ò ní sá lọ, ẹ̀mí ò sì ṣeé rà lọ́jà.