Ọgbẹ́ inú: ẹ yé dá ebi àti ata lẹ́bi

   Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ inú, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ulcer, ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Màmá kan ló jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Wọ́n ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Ọmọ wọn obìnrin ló gbé wọn wá sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní òòyì ti ń kọ́ màmá láti bí ọjọ́ mélòó kan, àti pé tí wọ́n bá rìn láti yàrá dé balùwẹ̀, wọ́n á ní láti jókòó sinmi. A bi màmá bóyá inú ń run wọ́n. Wọ́n ní rárá, orúnkún ló ń dun àwọn. A wá bi wọ́n bí ìgbẹ́ wọn ṣe rí. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Nọ́ọ̀sì, ó dúdú, àmọ́ àmàlà ni mo máa ń jẹ."

Kì í ṣe àmàlà o, ẹ̀jẹ̀ ni. Ọgbẹ́ wà nínú màmá, ó ti ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí wọn kò mọ̀. Oògùn ara ríro tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri oògùn nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́ nítorí orúnkún, wà lára ohun tó fà á. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò sì jáde, kòkòrò tún wà níbẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sára, wọ́n gba ìtọ́jú, ara wọn sì ti yá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọmọ wọn sọ kò kúrò lọ́kàn mi: "Ìyá mi kì í fi oúnjẹ ṣeré. Ibo ni ulcer ti wá?"

KÍ LÓ Ń FÀ Á GAN-AN?

Kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ohun tí èmi náà gbọ́ nílé nìyẹn: ẹni tí kò bá jẹun lásìkò ni ulcer ń bá jà. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi tí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà ní gbogbo àgbáyé pàápàá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbà pé àròjù, ata àti omi kíkan inú ikùn ló ń dá ọgbẹ́ síni nínú. Wọ́n ní kòkòrò kankan kò lè gbé inú ikùn, nítorí omi tó wà níbẹ̀ kan ju omi ọsàn wẹ́wẹ́ lọ.

Ìlú Perth, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ni àṣírí ti tú. Dókítà Robin Warren ń rí kòkòrò wínníwínní kan nínú ẹran ikùn àwọn tí inú ń yọ lẹ́nu. Òun àti Dókítà Barry Marshall gbìyànjú láti sin kòkòrò náà kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n dáadáa, kò hù. Ọjọ́ méjì ni wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó dà á nù. Nígbà ọdún Àjíǹde 1982, ọlidé gùn, èyí tí wọ́n sìn wà nílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Ìgbà tí wọ́n padà dé, kòkòrò ti hù.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà kò gbà wọ́n gbọ́. Ní 1984, Marshall bu omi tí kòkòrò yìí pọ̀ nínú rẹ̀, ó gbé e mu. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, inú ń rú u, ó ń bì, ẹnu rẹ̀ sì ń rùn. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ikùn rẹ̀, èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá tẹ́lẹ̀, ó ti wú. Ní 2005, wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Helicobacter pylori ni wọ́n ń pe kòkòrò náà. Tí ẹ bá rí H. pylori lórí ìwé àyẹ̀wò yín, òun náà ni.

OGUN TÓ Ń JÀ NÍNÚ ARA

Ohun kan wà tó bo inú ikùn wa, ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Òun ni kì í jẹ́ kí omi kíkan jẹ ẹran ikùn fúnra rẹ̀. Kòkòrò yìí máa ń wọ inú ohun yíyọ̀ náà lọ, á sì máa tú èròjà kan tó ń pa omi kíkan tó yí i ká. Bó ṣe ń rí ibi gbé nìyẹn.

Ara wa mọ̀ pé àjèjì ti wọlé. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ̀gún gún yín lẹ́sẹ̀: ojú ibẹ̀ wú, ó pọ́n, ó gbóná, ó sì ń ro yín. Ara ló ń rán ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀. Tí ẹ bá yọ ẹ̀gún náà, ogun parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún inú ikùn yìí kì í sábà yọ fúnra rẹ̀. Ogun náà lè máa jà fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ikùn tí wọ́n ń gbèjà rẹ̀ ló sì ń fara gbá a. Ó lè dégbò títí yóò fi di ọgbẹ́. Ó lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ èèyàn máa dín kù. Nínú ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀, ó ń di jẹjẹrẹ ikùn. Láti 1994 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ti kọ kòkòrò yìí mọ́ àwọn ohun tó ń fà á.

Ẹ má torí èyí jáyà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn ló gbé kòkòrò yìí sínú tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan títí ayé wọn. Nínú ẹni mẹ́wàá tó ní in, kì í sábà ju ẹni kan tàbí méjì lọ tí ọgbẹ́ ń dé bá.

Ti ebi àti ata wá ńkọ́? Tí ìka tó lọ́gbẹ́ bá kan ata, ṣé kò ní ta yín? Àmọ́ kì í ṣe ata ló dá ọgbẹ́ sí ìka. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ikùn. Tí ebi bá ń pa ẹni tó lọ́gbẹ́ nínú, pàápàá lóru, ó lè máa ro ó gan-an. Tó bá jẹun, ó lè rọlẹ̀ díẹ̀. Oúnjẹ pa ìrora náà lẹ́nu mọ́ ni, kò wò ó sàn. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Ẹ̀YIN ÒBÍ

Ìgbà èwe ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó kòkòrò yìí, nínú ilé sì ni. Itọ́, èébì, ìgbẹ́ àti omi tí kò mọ́ ló ń gbé e kiri. Nítorí náà:

– Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ tí ẹ bá ti ilé ìyàgbẹ́ dé, tí ẹ bá nu ìdí ọmọ tán, àti kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ náà bẹ́ẹ̀.
– Ẹ má fi ẹnu jẹ oúnjẹ kí ẹ tó fi í sẹ́nu ọmọ.
– Omi tí kò bá dá yín lójú, ẹ sè é kí ẹ tó mu ún.

Tí inú bá ń run ọmọ, ẹ má sáré fún un ní oògùn ulcer tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Aràn lè wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé kò rí ìgbẹ́ yà. Ṣùgbọ́n tí inú rírun bá ń jí i lóru, tó ń rù, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gòkè láìka oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ń lò sí, ẹ gbé e lọ rí dókítà.

Ẹ̀YIN ÀGBÀ WA

Yàtọ̀ sí kòkòrò, oògùn ara ríro ni ohun kejì tó ń dá ọgbẹ́ síni nínú jù. Ibuprofen, diclofenac, Feldene àti aspirin wà lára wọn. Wọ́n ń dín ohun yíyọ̀ tó ń dáàbò bo ikùn kù. Bí ọjọ́ orí ṣe ń pọ̀ ni ewu rẹ̀ ń pọ̀, ó sì burú jù fún ẹni tó ní kòkòrò tẹ́lẹ̀. Àgbàlagbà lè máà mọ ìrora kankan lára títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi máa jáde, bíi ti màmá yẹn.

Ẹ má ra oògùn tí wọ́n pò pọ̀ sínú ọ̀rá. Ẹ má lo oríṣi méjì oògùn ara ríro pọ̀. Ẹ bi dókítà bóyá parasítámọ́ọ̀lù lè tó yín, nítorí kì í dá ọgbẹ́ sí ikùn bíi tiwọn, àmọ́ ẹ má lò ó kọjá iye tí wọ́n kọ. Tó bá jẹ́ dókítà ló ní kí ẹ máa lo aspirin nítorí ọkàn tàbí àrùn rọpárọsẹ̀, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún un pé inú ń yọ yín lẹ́nu.

ÀYẸ̀WÒ ÀTI ÌTỌ́JÚ

Wọ́n lè fi ìgbẹ́ tàbí èémí ẹnu mọ̀ bóyá kòkòrò yìí ṣì wà láàyè nínú yín, wọ́n sì lè fi ẹ̀rọ wo ikùn. Ti ẹ̀jẹ̀ kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín kòkòrò tó wà lónìí àti èyí tó ti kú. Kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò, ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò. Tí ẹ bá ti lo omeprazole láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí àńtíbáyótíìkì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, èsì lè purọ́.

Oríṣi àńtíbáyótíìkì méjì, ó kéré tán, ni dókítà máa ń pa pọ̀ mọ́ oògùn tó ń dín omi kíkan kù. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n sábà máa ń lò ó. Ẹ lò ó tán, kódà bí inú bá ti dẹ̀ yín lọ́jọ́ kẹrin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ padà lọ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ lè mọ̀ bóyá kòkòrò ti kú tán. Mist Mag àti kán-ún kò lè pa á. Àṣà ká máa ra Flagyl mẹ́ta péré nígbàkígbà tí inú bá kùn sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí oògùn náà má ran kòkòrò yìí mọ́.

Ẹ MÁ DÚRÓ TÍ Ẹ BÁ RÍ ÀWỌN WỌ̀NYÍ

– Ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, tó ń dán, tó sì ń rùn gan-an. Oògùn ẹ̀jẹ̀ náà lè sọ ìgbẹ́ di dúdú, àmọ́ ẹ jẹ́ kí dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀.
– Èébì ẹ̀jẹ̀, tàbí èyí tó dà bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí.
– Inú rírun òjijì tó le, tí ikùn sì le gbagidi.
– Kí èèyàn máa rù, tàbí kí oúnjẹ máa há a lọ́fun.
– Àyà tó ń fún àgbàlagbà pọ̀, tó ń làágùn tàbí tí èémí rẹ̀ ń já. Ẹ má pe ìyẹn ní ulcer, ọkàn lè wà níbẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ bi màmá àti bàbá yín ní ìbéèrè méjì: oògùn wo lẹ ń lò fún orúnkún, báwo sì ni ìgbẹ́ yín ṣe rí? Ó lè ti yín lójú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n ti bi màmá yẹn ṣáájú, wọn ì bá má ti máa dá àmàlà lẹ́bi.