Èdè Wo Lẹ Ń Sọ Nínú Ilé Yín?

Ìyá mi wá kí wa l'Ékòó lọ́dún tó kọjá. Ìmẹ̀kọ ni wọ́n ti wá. Wọ́n di gàrí, wọ́n di ẹ̀lùbọ́, wọ́n tún so adìyẹ kan mọ́ ọn bí ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń ta adìyẹ l'Ékòó. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, wọ́n pe àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 8, pé kó bu omi wá fún àwọn. Ohùn Kétu tí à ń sọ n'Ímẹ̀kọ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọmọ dúró, ó ń wò. Ó yíjú sí mi, ó fi Òyìnbó bi mí pé kí ni màmá àgbà ń wí. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Kì í ṣe Yorùbá ìwé ni mo túmọ̀ rẹ̀ sí o, Òyìnbó ni, torí pé Yorùbá ìwé pàápàá kò yé e tó bó ṣe yẹ.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín ìyá mi, èyí kì í ṣe ti ayọ̀. Wọ́n ní, "Àkànní, nínú èmi àti ọmọ yìí, ta ni odi?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má rò pé mo fẹ́ bú ẹlòmíràn kí n yọ ara tèmi. Ẹjọ́ mi ni mo kọ́kọ́ ń rò yìí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni iṣẹ́ ìwé ìròyìn gbé mi dé Mákókó, níbi tí àwọn Ègùn apẹja kọ́lé sí lórí ọ̀sà. Ọmọkùnrin kan tí kò ju ẹgbẹ́ ọmọ mi lọ ló fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ tó gbé mi. Ó ń fi Ègùn dá ìyá rẹ̀ lóhùn, ó ń fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀, ó fi pijin bá oníbàárà kan jà lórí owó ẹja. Nígbà tí bàbá kan tó ti Kútọnu dé kí i, Faransé ló fi dáhùn. Ọmọ tí kò wọ bàtà! Mo wá rántí owó iléèwé tí mò ń san fún tèmi, tó jẹ́ pé èdè kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi í kọ́ ọ, tí wọ́n sì ń kìlọ̀ fún un pé kó má sọ òmíràn nínú ọgbà. Nínú èmi àti ìyá ẹlẹ́ja yẹn, ta ló ń tọ́ ọmọ?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa nípa Èkó yìí. Kì í ṣe ìlú elédè kan, kò sì fìgbà kan jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwórì tẹ ibẹ̀ dó, Ègùn sì ti wà ní Àgbádárìgì kí Òyìnbó tó dé. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà dé sọ Potogí ní Pópó Àgùdà láyé ọjọ́un, àwọn Sàró gbé Krio tiwọn dé. Lónìí, ẹ wọ Agége tí òwò obì ti kó àwọn Hausa wá láti ìgbà àwọn baba wa, ẹ ó gbọ́ Hausa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ dé ọjà Mile 12 nídìí tòmátì, Hausa náà ni. Ẹ wọ Òkòta, Ìgbò ni ẹ ó bá nínú ọ̀pọ̀ fúláàtì. Ní Ajégúnlẹ̀, nínú ilé kan ṣoṣo, yàrá kan ń sọ Ìjọ, èkejì ń sọ Ìlàjẹ, ẹ̀kẹta ń sọ Urhobo, pijin sì ni gbogbo wọn fi ń bú ara wọn nídìí ẹ̀rọ omi. Àní mo sọ̀ kalẹ̀ nínú dáńfó lọ́jọ́ kan ní Kẹ́tu, Kẹ́tu t'Èkó, inú mi sì dùn sí orúkọ náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ohùn ilé wa kí ìyá aláta kan. Ó bi mí bóyá ará Kútọnu ni mí!

Àmọ́ bí ẹ bá bi mí pé ibo gan-an ni Yorùbá ti ń kú l'Ékòó, n kò ní nawọ́ sí Mákókó tàbí Ajégúnlẹ̀. Nínú àwọn ilé tí iṣẹ́ mi ń gbé mi wọ̀, níbi tí iná kì í kú, tí gétì ga, tí bàbá jẹ́ Ìjẹ̀bú, tí ìyá jẹ́ Ẹ̀gbá, níbẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ Òyìnbó láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn bàbá wọ̀nyí náà ló máa ń pariwo jù pé "Èkó, ilé wa ni!" Ẹ dákun, èdè wo ni ọmọ yín yóò fi pariwo tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá lọ tán?

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, etí mi ni mo fi gbọ́ ọ. Kò sí ìwé ìjọba tí ẹnikẹ́ni lè ṣí kó rí i pé ní àdúgbò báyìí l'Ékòó, èdè báyìí ni wọ́n ń sọ nínú ilé. Ìkànìyàn wa tó kẹ́yìn, ti 2006, kò béèrè ẹ̀yà, kò béèrè ẹ̀sìn. Iye orí nìkan la jà sí. Ìjọba àpapọ̀ ní ará Ìpínlẹ̀ Èkó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9, Ìpínlẹ̀ Èkó ní irọ́ ni, pé àwọn lé ní mílíọ̀nù 17. A ja ìjà orí, kò sẹ́ni tó béèrè ahọ́n tó wà lẹ́nu orí ọ̀hún. Ìkànìyàn tí wọ́n tún fẹ́ ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú.

Ẹ wo ilé ayé. Àwọn Tamil kan wà, ará gúúsù Íńdíà àti Sri Lanka, tí wọ́n tàn ká bí àwa náà ṣe tàn ká. Ní Singapore, èdè wọn jẹ́ ọ̀kan nínú èdè 4 tí ìjọba fọwọ́ sí. Ní Kánádà, láti 1971 ni ìkànìyàn ti ń béèrè èdè tí wọ́n ń sọ nínú ilé, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ibi tí Tamil pọ̀ sí ní Toronto yóò rí Scarborough níbẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìkànìyàn 2011 àti ti 2021 béèrè olórí èdè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Wọ́n mọ̀ pé Tamil wà ní Harrow àti East Ham. Wọ́n sì mọ̀ pé Yorùbá wà ní Peckham. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mọ òpópó tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ju bí ìjọba tiwa ṣe mọ èyí tí wọ́n ti ń sọ ọ́ l'Ékòó lọ!

Àwọn kan á ní, "Ìyẹn á fa ìjà. Bẹ́ẹ bá béèrè èdè, ẹ ti béèrè ẹ̀yà nìyẹn, ẹlòmíràn á sì fi iye wọn gba ilẹ̀ wa." Mo gbọ́. Ìdìbò 2023 ṣojú èmi náà l'Ékòó, mo mọ ohun tí ojú rí nígbà tí wọ́n ń fi ojú àti ahọ́n ènìyàn pinnu ẹni tó yẹ kó dìbò. Ṣùgbọ́n ṣé àìmọye wa ló dá ìjà yẹn dúró? Níbi tí kò ti sí ìwé, ariwo ló ń di ìwé. Olúkúlùkù ń bu iye tó wù ú. Ilẹ̀ sì kọ́ ni à ń pín, ọ̀rọ̀ ẹni tó nílò ògbufọ̀ là ń sọ.

Mo jókòó ní ilé ìwòsàn kan l'Ékòó tí n kò ní dárúkọ, mo ń dúró de káàdì. Obìnrin Ègùn kan tó lóyún wà níwájú mi. Nọ́ọ̀sì fi Òyìnbó bi í léèrè, kò gbọ́. Ó fi Yorùbá bi í, ó gbọ́ díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, bí ọdún 10, ló wá ń túmọ̀. Wọ́n bi í nípa ẹ̀jẹ̀, wọ́n bi í ìgbà tó rí nǹkan oṣù kẹ́yìn. Ọmọ ń wo ilẹ̀. Ìyá náà ń wo ilẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ kàn ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo ìbéèrè, nọ́ọ̀sì sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó wà nínú káàdì obìnrin yẹn. Nọ́ọ̀sì ò jẹ̀bi. Ta ló sọ fún un pé Ègùn ni ìdajì àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì?

Ti iléèwé tún burú jù ú lọ. Láti 1977 ni ìjọba ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọdé níbẹ̀rẹ̀. Èdè àdúgbò! Àdúgbò wo, nígbà tí ẹ kò mọ èdè tó wà níbẹ̀? Ṣáájú ìyẹn, ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan n'Ífẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6 gbáko, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan nínú Òyìnbó. Ní 2018, Èkó ṣòfin pé dandan ni Yorùbá ní gbogbo iléèwé. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ní èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní gbogbo alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà kéde pé àwọn ti fagi lé e, pé ibi tí wọ́n ti lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi. Wọ́n gbé òfin kalẹ̀, wọ́n gbé e kúrò, kò sì sí ìgbà kankan nínú méjèèjì tí wọ́n kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn bèèrè pé, "Ẹ kú ilé o, èdè wo lẹ fi ń pe ọmọ yín jẹun?"

N'Ímẹ̀kọ tí mo dàgbà sí, Òyìnbó méjì jókòó ní 1889, wọ́n fa ìlà, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, àwa bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà náà ò ge ahọ́n wa. Títí dòní, bí Kérésì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àwọn ìjọ Sẹ̀lẹ́ bá ń wọ́ wá síbi ibojì Oschoffa, ẹ ó rí ìyá oníbúrẹ́dì tó ń fi Ègùn tajà fún ẹnì kan, tó ń fi Faransé gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kò lọ yunifásítì. Ìwà ìlú ni. A kó kúrò níbẹ̀ wá sí Èkó láti wá di ọ̀làjú, a sì ń sọ ọmọ wa di elédè kan.

Nítorí náà, ìgbàkígbà tí wọ́n bá tó tún ka ènìyàn, kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún un: èdè wo lẹ ń sọ nínú ilé? Kí wọ́n kọ Ègùn sílẹ̀ ní Ègùn, kí wọ́n kọ Ìlàjẹ ní Ìlàjẹ, kí ẹni tó ń sọ Òyìnbó fọ́mọ rẹ̀ sì fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, kó fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn tèmi lónìí, ojú á tì mí, ṣùgbọ́n n ó dáhùn.

Ìyá mi ní àwọn ń padà bọ̀ lẹ́yìn ìkórè. Mo ti sọ fún àbíkẹ́yìn mi pé lọ́tẹ̀ yìí, bí òùngbẹ bá ń gbẹ màmá àgbà, n kò ní túmọ̀.