Ẹ Má Gba Yorùbá Lọ́wọ́ Ọmọ Tí Ń Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá. Bí ọmọ bá yan èdè àti lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìdánwò A-Level, àwọn olùkọ́ mìíràn a ní kí ó fi Yorùbá sílẹ̀, kí ó má bàa dí i lọ́wọ́.

Àwa kò bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni ìmọ̀ràn yìí ń ṣe ní ìpalára. Kí ni a ń kọ́ níbẹ̀? Bí gbólóhùn ti ń tò, àti ìdí tí òǹkọ̀wé fi yan ọ̀rọ̀ kan, tí ó kọ òmíràn. Ta ni yóò tètè lóye èyí bí ọmọ tí etí rẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀ igba, igbá àti ìgbà?

Ẹ wo eré Death and the King's Horseman tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1975. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí ó wáyé ní Ọ̀yọ́ ni ó bí i. Inú ọjà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, tí Olóhùn-iyọ̀ ń ki Ẹlẹ́ṣin. Ọmọ tí kò gbọ́ oríkì rí, tí kò mọ ipò Ìyálọ́jà, àlàyé olùkọ́ ni yóò kàn há sórí.

Àjàyí Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1843. Ọ̀kan kò lé èkejì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ẹ ya wákàtí sọ́tọ̀ fún Yorùbá, ìbáà má sí ìdánwò rẹ̀. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.