Pátákó Ìjọba Nìkan Kò Lè Dá Ilé Àtijọ́ Sí

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ni katapílà wó Ilojo Bar palẹ̀ ní Tinúbú, ní Erékùṣù Èkó. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ilé náà láyé àtijọ́, ní ìlànà ìkọ́lé àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ wa tó bọ́ lóko ẹrú ní Brazil tí wọ́n sì padà wálé. Alfred Omolana Olaiya rà á ní 1933, ó fi orúkọ àdúgbò baba rẹ̀ ní Èkìtì sọ ọ́. Láti 1956 ni ìjọba ti kéde pé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ni, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Òfin wà nílẹ̀, ilé wó.

Lẹ́yìn náà la wá ń pariwo. Àwọn kan bú ẹbí, àwọn kan bú ìjọba, nígbà tó sì yá, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Èrò tèmi ni pé ohun méjì ló ń dá ilé àtijọ́ sí: kí ará ìlú mọ ìtàn rẹ̀, kí àwọn tó ni ín sì máa rí jẹ nídìí rẹ̀. Pátákó tí ìjọba kàn mọ́ ògiri kò lè rọ́pò ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìtàn. Ọ̀pọ̀ wa tó ń gba orí afárá wọ Erékùṣù láràárọ̀ kò mọ̀ ju ọjà àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ. Ẹ yan àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọjà kò pé, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ìga Ìdúngànràn, ààfin ọba, tó jẹ́ pé oko ata Arómirẹ́ ni ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ gba Olówógbówó, níbi tí àwọn Sàró tó ti Freetown bọ̀ tẹ̀dó sí. Ẹ dé Èpétèdó, ilẹ̀ Òṣòdì Tápà àti àwọn tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n padà wọ Èkó ní 1862. Ẹ wá yà sí Pópó Àgùdà, ní àgbègbè Bámgbóṣé, Tókunbọ̀ àti Campos. Oòrùn ò ní tíì mú tí ẹ ó fi yí gbogbo rẹ̀ ká. Ẹni tó bá rin ìrìn yìí yóò fojú ara rẹ̀ rí i pé Èkó kì í ṣe ìlú ẹnìkan: ọmọ onílé, ẹni ogun lé wá àti ẹni tó bọ́ lóko ẹrú ló jọ tún un kọ́.

Ẹ dúró níwájú ọ̀kan nínú ilé Àgùdà tó ṣẹ́ kù, kí ẹ wò ó fínnífínní. Òkè fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ. Birikilà ti fi ọwọ́ yọ òdòdó sára ògiri, ó fi ọ̀já sìmẹ́ńtì yí ẹnu ọ̀nà ká. Tí ẹ bá wọlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá kọjú síra lọ́tùn-ún lósì. Ìlànà yìí ló tàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ ti dàgbà, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ilé Omi wà ní òpópónà Kákáwá. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni João Esan da Rocha tó kọ́ ọ. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú lọ sí Bahia, ó dàgbà, ó gba òmìnira, ó sì padà wá kọ́lé sí Èkó. Kànga wà nínú ọgbà ilé náà, ibẹ̀ ni àwọn ará Èkó ti ń ra omi kí omi ẹ̀rọ tó dé. Ará Brazil kan, Antonio Olinto, ti kọ ìwé ìtàn àròsọ lórí irú ilé yìí láti 1969. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa tó ń gba Kákáwá kọjá ló mọ̀ pé ìtàn ìdílé Yorùbá kan ló sún un kọ̀wé?

Ẹ wá fi Mọ́sáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins wé Ilojo Bar. Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Mohammed Shitta, Sàró tí wọ́n bí ní Sierra Leone, ló náwó rẹ̀. João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ló kọ́ ọ. Ọdún 2013 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á mọ́ ohun àjogúnbá, ó sì ti dúró láti ọjọ́ pípẹ́ kí wọ́n tó gbé pátákó dé. Àwọn tó ń kírun níbẹ̀ ló mú un dúró. Wọ́n ń lò ó, wọ́n sì mọ̀ pé tiwọn ni.

Ilé ẹbí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1921, nígbà tí Olóyè Olúwa, tí Herbert Macaulay tẹ̀ lé dé London, jàre nílé ẹjọ́ Privy Council lórí ilẹ̀ Àpápá, ilé ẹjọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnìkan, ti gbogbo ẹbí ni. Ìdájọ́ yẹn gbè wá. Àmọ́ ohun tí kò jẹ́ kí ẹnìkan lè dá ilé tà náà ni kì í jẹ́ kí ẹnìkan fẹ́ dá a tún ṣe. Òrùlé ń jò, ọmọọmọ ti pọ̀ lọ jàra, kálukú ń dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ dáwó. Ibẹ̀ ni oníṣòwò ilé ti máa wọlé: ẹ jẹ́ ká wó o, ká kọ́ alájà mẹ́rin, ká kó ṣọ́ọ̀bù sísàlẹ̀, ẹ ó mú tiyín níbẹ̀. Ẹbí tí ebi ń pa, kí ni kó sọ? Èmi ò lè bú wọn.

Ìjọba náà ti mú kí ẹbí máa fura. Láti 1955 ni LEDB, àjọ tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní 1928, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín Erékùṣù, tí wọ́n kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà, ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tó rí ni pé ẹbí tú ká, àwọn ìyá ọlọ́jà sì pàdánù oníbàárà wọn. Ẹni tí wọ́n ti wó ilé baba rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó bá gbọ́ pé ìjọba ń bọ̀ wá wo ilé rẹ̀, ilẹ̀kùn ni yóò tì.

Nítorí náà, mo bẹ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pé kí wọ́n kó owó lọ bá ẹbí. Kí wọ́n yá wọn lówó tí èlé rẹ̀ kò wọni lọ́rùn láti fi tún ilé ṣe, kí ẹbí máa fi owó ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ san án díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ birikilà àtijọ́, kí ọwọ́ tó lè yọ òdòdó sára ògiri má baà tán nílùú. Kí wọ́n gba ọmọ àdúgbò síṣẹ́ láti máa mú àlejò yí ká, kí owó ìwọlé sì pín dé ọ̀dọ̀ onílé. Àwọn Àgùdà ṣì ń se frejon lọ́jọ́ Ẹtì Rere, wọ́n ṣì ń jó Caretta nígbà ọdún. Èèyàn tó wá jẹun, tó wá wòran, yóò sanwó láti wọlé wo ilé.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, iṣẹ́ tiyín ni kí àwọn ọmọ fẹsẹ̀ rin Erékùṣù kí wọ́n tó jáde níléèwé, kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí wọ́n sì fi fóònù ká ohùn wọn sílẹ̀. Tí àdúgbò bá mọ ohun tó ní, tí onílé sì ń rí èrè rẹ̀ jẹ, ẹni tó bá gbé katapílà wá yóò bá onílé àti aládùúgbò lẹ́nu ọ̀nà.